Kí ẹ tó fi iṣẹ́ yín wé ti ẹlòmíràn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà wa. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀ka iṣẹ́ àkànṣe nílé-iṣẹ́ wa. Iṣẹ́ 14 la parí lọ́dún tó kọjá, 5 péré ló parí lọ́jọ́ tá a dá. Ọ̀gá wa ti ìpàdé kan dé, ó ní òun gbọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ bíi tiwa ń parí iṣẹ́ 8 nínú 10 lásìkò, pé kí n fi benchmarking, ìyẹn fífi iṣẹ́ ẹni wé ti ẹlòmíràn láti kọ́ ọgbọ́n, mú wa dé ibẹ̀ láàárín ọdún kan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n lọ ra àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ míì ni?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Mo ti jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí rí, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí wọ́n bá gbé nọ́ńbà ẹlòmíràn síwájú ẹni bí ẹni gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ẹ má tíì ra àkọsílẹ̀ kankan. Nọ́ńbà á sọ fún yín pé ẹnì kan ti ṣíwájú yín. Kò ní sọ ohun tó ṣe tó fi ṣíwájú, ohun tó ṣe yẹn gan-an lẹ sì ń wá. Inú fáìlì tiyín lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ibì kan ṣoṣo tó ń dùn yín jù, ẹ wá ẹni tó ń ṣe ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ lọ fojú ara yín rí bó ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo 8 nínú 10 tí ọ̀gá yín mú bọ̀. Kí ni wọ́n ń pè ní "lásìkò" níbẹ̀? Ẹ wo iṣẹ́ kan tí wọ́n dá oṣù 6 fún. Nígbà tó di oṣù 5, wọ́n rí i pé kò lè ṣeé ṣe, wọ́n kọ̀wé, wọ́n fọwọ́ sí i, ó di oṣù 9. Ní oṣù 8, wọ́n tún sún un sí 11. Oṣù 11 náà ló sì parí. Nílé-iṣẹ́ kan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó parí lásìkò, torí ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí kẹ́yìn ni wọ́n ń kà. Nílé-iṣẹ́ kejì, wọ́n á ní ó fi oṣù 5 pẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni o. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ̀yin ń kà, táwọn yẹn sì ń ka ọjọ́ ìkẹyìn, ó lè jẹ́ pé 5 nínú 14 tiyín ló dára ju 8 nínú 10 tiwọn lọ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó. Ṣé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n kà, àbí owó agbaṣẹ́ṣe nìkan ni? Ṣé owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀ wà nínú ìṣúná? Ìgbà wo sì ni iṣẹ́ ń parí: ìgbà tí ẹ kó irinṣẹ́ yín kúrò, ìgbà tí oníbàárà fọwọ́ sí i, àbí ìgbà tí ẹni tó fẹ́ lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ kọ ìtumọ̀ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, ìṣúná, àti owó tó jáde. Ẹ jẹ́ kí oníṣirò owó ilé-iṣẹ́ yín jókòó tì yín bí ẹ bá ń kọ ọ́, torí òun ló mọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí owó ń gbà. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ má yí i padà fún ọdún méjì ó kéré tán, kódà bí ẹ bá rí ìtumọ̀ tó dáa jù ú lọ lọ́nà. Bí òṣùwọ̀n bá ń yí lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó lè fi mọ̀ bóyá ẹ tẹ̀ síwájú tàbí ẹ rẹ̀yìn.

Lẹ́yìn èyí ló kan iṣẹ́ 14 yẹn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yín nìyẹn, ẹ má kó o dànù. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi iye oṣù tí ẹ ṣèlérí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pín iye oṣù tó gbà gan-an. Iṣẹ́ tí ẹ dá oṣù 10 fún tó gba oṣù 14 á fún yín ní 1.4. Èyí tó parí lọ́jọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ á jẹ́ 1.0. Ẹ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ wá wo àárín, ìyẹn láàárín ìkeje àti ìkẹjọ. Ká ní ìkeje jẹ́ 1.3, ìkẹjọ sì jẹ́ 1.5: iye àárín yín jẹ́ 1.4. Mo fẹ́ràn iye àárín ju kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ sì pín in lọ, torí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó bàjẹ́ kọjá ààlà lè fa ìpíndọ́gba lọ síbi tí kò jọ ìyókù.

Ẹ wo ohun tí ìlà nọ́ńbà kékeré yẹn ti sọ. Bí ẹnì kan nílé-iṣẹ́ yín bá sọ lónìí pé iṣẹ́ tuntun máa gba oṣù 10, ìtàn yín ti dáhùn pé ó ṣeé ṣe kó gba 14. Bí ẹ bá fẹ́ ọjọ́ tó ṣeé fọkàn tẹ̀ dáadáa, ẹ lọ sí ìkejìlá lórí ìlà náà. Iṣẹ́ 12 nínú 14 ni kò kọjá ibẹ̀. Ẹ kò tíì náwó kankan, ẹ kò tíì tọ ẹnikẹ́ni lọ, ẹ sì ti ní òṣùwọ̀n tó dáa ju èyí tí ọ̀gá yín gbọ́ nípàdé.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé ọwọ́ ẹni gan-an ni ìmọ̀ yìí sábà máa ń wà láìjẹ́ pé èèyàn lò ó. Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún 2002, sọ nígbà ayé rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ ní Ísírẹ́lì. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ kan fáwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí oníkálukú kọ iye àkókò tó rò pé ó máa gbà wọ́n sínú bébà. Ohun tí wọ́n kọ bọ́ sáàárín ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì ààbọ̀. Ó wá yíjú sí ẹnì kan láàárín wọn tó ti rí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó bi í pé báwo ni ti àwọn yẹn ṣe rí. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 wọn ni kò parí rẹ̀ rárá, àwọn tó sì parí lo ọdún 7 sí 10. Ọkùnrin yìí kan náà, ó ti kọ iye tirẹ̀ sínú bébà bíi tàwọn yòókù! Ọdún 8 ni ìwé náà gbà kó tó parí.

Ọdún 1979 ni Kahneman àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Amos Tversky, ti fún àṣìṣe yìí lórúkọ, planning fallacy (àṣìṣe ìṣètò), pé bí a bá ń ṣètò, inú iṣẹ́ tó wà níwájú wa nìkan là ń wò, a kì í wo àwọn tó jọ ọ́ tó ti kọjá. Bent Flyvbjerg, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Denmark, wá gbé e lọ sórí iṣẹ́ ńláńlá. Lọ́dún 2002, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí iṣẹ́ ojú ọ̀nà, ojú irin, afárá àti ihò abẹ́ ilẹ̀ tó jẹ́ 258 láti orílẹ̀-èdè 20. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló gba owó ju èyí tí wọ́n dá lọ: ojú irin fi nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 kọjá ní ìpíndọ́gba, afárá àti ihò abẹ́ ilẹ̀ fi 34, ojú ọ̀nà fi 20. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn ò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ojú irin ni wọ́n fi wé ojú irin. Bí ẹ̀yin náà bá ní iṣẹ́ kéékèèké tí ń gba oṣù méjì àti iṣẹ́ ńlá tí ń gba ọdún méjì nínú 14 yẹn, ìlà méjì ni kí ẹ tò wọ́n sí, bí ìlà kọ̀ọ̀kan tiẹ̀ kúrú.

Ní báyìí, ẹ ti mọ bí ẹ ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ kò tíì mọ ibi tí àkókò ń lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré jáde lọ wá ẹni tí wọ́n máa fi ara wọn wé, tí wọ́n á sì dé ọ̀hún láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́ bèèrè.

Ẹ mú iṣẹ́ mẹ́ta tó pẹ́ jù. Ẹ má tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè pé kí ló fà á, torí ẹjọ́ ni wọ́n máa rò fún yín. Ìwé ni kí ẹ gbé, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé ọjọ́ tó wà lára rẹ̀.

Lẹ́nu iṣẹ́ kan tí mo darí rí, gbogbo wa la gbà pé àwọn tó wà lójú iṣẹ́ ló lọ́ra. Mo mú ìwé kan ṣoṣo, ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ àyè láti yí nǹkan padà nínú àwòrán iṣẹ́, mo sì ka òǹtẹ̀ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tábìlì mẹ́fà ló kọjá. Ọjọ́ 31 ló lò lọ́nà. Mo wá tọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ, mo bi kálukú bó ṣe pẹ́ tó nídìí ìwé náà. Ẹnì kan ní ìṣẹ́jú 20, ẹnì kan ní 10, ẹnì kan ní wákàtí kan torí ó ní láti tún nǹkan ṣírò. Ká rò ó pọ̀, kò pé wákàtí mẹ́ta. Ìyókù ọjọ́ 31 yẹn, orí tábìlì ni ìwé ń sùn. Ọ̀kan nínú wọn, ọjọ́ Ẹtì nìkan ló ń fọwọ́ sí ìwé. Àwọn méjì tó kẹ́yìn kò tíì dá ìwé kankan padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ohunkóhun tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á fọwọ́ sí i ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tí à ń bú pé wọ́n lọ́ra, ṣe ni wọ́n káwọ́ gbera tí wọ́n ń retí ìwé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, torí èmi fúnra mi ti bá wọn wí.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ń wá. Mi ò bèèrè pé ta ló ń parí iṣẹ́ lásìkò mọ́. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé: ta ni ìwé ìyípadà kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Mo rí ilé-iṣẹ́ kan tí iṣẹ́ wọn kò jọ tiwa rárá, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n gbà mí láyè kí n wá jókòó tì wọ́n fọ́jọ́ méjì. Nǹkan méjì ni mo rí. Àkọ́kọ́, bí owó tí ìyípadà náà máa gba kò bá tó iye kan, alábòójútó tó wà lójú iṣẹ́ ló ń fọwọ́ sí i, ó tán. Ìkejì, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń gbé ìwé kiri. Gbogbo àwọn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lórí ìdúró, wọ́n á sì parí ìwé tó bá wà nílẹ̀ kí wọ́n tó tú ká.

Èyí àkọ́kọ́ kò ṣeé mú wálé, torí àdéhùn wa sọ pé oníbàárà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí gbogbo ìyípadà. Ìkejì la mú. A bẹ oníbàárà pé kó máa rán ẹnì kan wá síbi ìpàdé náà, ó sì gbà. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọjọ́ 31 ti di 9. A ò dé ọjọ́ mẹ́rin tiwọn títí iṣẹ́ náà fi parí, àmọ́ èmi mọ ìtura tó bá àwọn tó wà lójú iṣẹ́.

Bí benchmarking ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn tó sọ ọ́ di olókìkí. Lọ́dún 1979, Xerox, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ ẹ̀dà ìwé, rí i pé àwọn ará Jàpáánù ń ta ẹ̀rọ ní iye tó jẹ́ pé òun ló ń ná Xerox láti ṣe tirẹ̀ jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara wọn wé àwọn yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ tún ilé ìkẹ́rùsí wọn ṣe, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fọwọ́ ṣa ẹ̀yà ẹ̀rọ jọ fún oníbàárà. Robert Camp tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò wá ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀dà míì lọ. L.L. Bean ni wọ́n lọ bá, àwọn tó ń ta aṣọ àti ohun èlò ìgbafẹ́ ránṣẹ́ sáwọn èèyàn, torí àwọn náà ń fọwọ́ ṣa ẹrù tí kò dọ́gba jọ, wọ́n sì ń ṣe é ní bí ìlọ́po mẹ́ta ìyára Xerox. Kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Ọjà tó ń tà jù ló wà nítòsí ẹni tó ń ṣà á, wọ́n sì ń to ìbéèrè oníbàárà lọ́nà tí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ kò fi ní rìn jù. Ẹ ò rí i pé ó ṣeé fojú rí, ó sì ṣeé mú lọ sílé.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ilé ìwòsàn Great Ormond Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fọ́mọdé tán, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe, níbi tí wọ́n ti ń fa ọmọ náà, ẹ̀rọ rẹ̀ àti gbogbo ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lé àwọn míì lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àwọn dókítà náà tọ àwọn òṣìṣẹ́ Ferrari lọ, àwọn tó ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀ eré ìje ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Wọ́n rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń darí, oníkálukú mọ iṣẹ́ rẹ̀ àti ìgbà tó kàn án, ariwo kì í sì í sí. Wọ́n tún ìfàléni-lọ́wọ́ tiwọn tò bẹ́ẹ̀. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2007, àṣìṣe tó jẹ mọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀ láti 5.42 sí 3.15 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbàgbé láti sọ sì wálẹ̀ láti 2.09 sí 1.07. Mo máa ń rántí ìtàn yìí bí mo bá rí ẹgbẹ́ tó fa iṣẹ́ lé ẹgbẹ́ míì lọ́wọ́ láìsí ẹni tó ń darí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àkànṣe náà ti ń dà rú.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn báyìí, ẹ kọ́kọ́ fi tiyín lọ̀ wọ́n. Ẹ fi ìwé tó pẹ́ lọ́nà lọ́dọ̀ yín, irú èyí tó lo ọjọ́ 31 lọ́dọ̀ wa, hàn wọ́n kí ẹ tó bèèrè tiwọn. Ẹ má bèèrè àṣírí. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé ìwé kan láti tábìlì dé tábìlì, kí ẹ sì bá àwọn tó ń fọwọ́ ṣe é sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀gá nìkan. Bó bá jẹ́ pé ọjà kan náà lẹ jọ ń tà, ẹ má sọ̀rọ̀ iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà tàbí iṣẹ́ tí ẹ jọ ń dù, torí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kà á sí rìkíṣí láàárín àwọn olùdíje. Ìdí mìíràn rèé tí mo fi fẹ́ràn kí ẹ lọ bá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ tiyín.

Ní ti àkọsílẹ̀ rírà: ó wà, ó sì wúlò fún àwọn kan. Construction Industry Institute ní Yunifásítì Texas ní Austin, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, àti Independent Project Analysis tí Edward Merrow dá sílẹ̀ lọ́dún 1987, ti ń kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ńláńlá jọ tipẹ́, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n sì fi ń ka gbogbo wọn. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìfọpo ńlá á jàǹfààní níbẹ̀. Fún iṣẹ́ 14 lọ́dún tí ẹ kò tíì fara balẹ̀ kà, owó yẹn kò tíì kàn yín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó ń bà mí lẹ́rù, ìyẹn 8 nínú 10 tí ọ̀gá yín ní kí ẹ dé láàárín ọdún kan. Lọ́dún 1975, Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìlọ̀ pé òṣùwọ̀n tí a bá fi ń darí èèyàn kì í pẹ́ tó fi máa ń ṣìnà. Mo ti rí i ṣẹlẹ̀. Wọ́n so owó ìmóríyá mọ́ píparí iṣẹ́ lásìkò, nígbà tó di ọdún kejì, gbogbo iṣẹ́ ló ń parí lásìkò, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń dá oṣù 4 fún tẹ́lẹ̀ ti di ti oṣù 8. Iṣẹ́ kò yá sí i rárá. Ìlérí ló gùn. Ẹ bẹ ọ̀gá yín kó má so 8 nínú 10 mọ́ owó ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì ń ka àsìkò, ẹ máa ka iye oṣù tí iṣẹ́ tó jọra gbà pẹ̀lú, kí ẹ sì ka àtúnṣe tí oníbàárà bèèrè láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa ṣọ́ ara wọn.

Bó bá wá bi yín lọ́sẹ̀ yìí pé kí lẹ ń ṣe, ẹ ní ẹ ń lo oṣù kan láti kọ ìtumọ̀ àti láti to iṣẹ́ 14 sórí ìlà, oṣù kan láti tẹ̀ lé ìwé iṣẹ́ mẹ́ta tó pẹ́ jù, oṣù méjì láti wá ẹni tó ń ṣe ìgbésẹ̀ kan yẹn dáadáa kí ẹ sì lọ wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ ó dán ohun tí ẹ rí wò lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní ìparí ọdún, ohun tí ẹ máa gbé síwájú rẹ̀ ni iye ọjọ́ tí ìgbésẹ̀ náà ń gbà tẹ́lẹ̀ àti iye tó ń gbà báyìí. Mi ò lè ṣèlérí 8 nínú 10 fún yín, kí ẹ̀yin náà má ṣe é fún un.

Bí ẹ bá ti tẹ̀ lé ìwé àkọ́kọ́ dé tábìlì tó kẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti sùn pẹ́ jù.